Lẹ́tà Bàbá Ẹ Tí O Fi Ṣe Káàdì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ẹ o. Mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo kí ẹ kú ìdúró, mo kí ẹ kú àìfojú kanra. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé onílé ò yọ ẹ́ lẹ́nu, ṣé ikọ́ tó ń ṣe ẹ́ nígbà yẹn ti lọ? Tó bá jẹ́ tèmi lo ń béèrè, mo wà bí mo ṣe wà, àfi eékún tó ń ro mí bí mo bá ti wa máṣíìnì ìránṣọ pẹ́, àti inú tó ń bí mi, èyí tí wàá gbọ́ níwájú. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohun rere bàjẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ohun tí o bá fọwọ́ kàn, yóò máa pé sí i ni, kò ní máa dín. Àmín.

Má wulẹ̀ máa yẹ ìwé yìí wò síwá sẹ́yìn pé ta ló bá Màmá kọ ọ́. Èmi ni. Ọwọ́ tí mo fi ń ránṣọ náà ni mo fi kọ ọ́. Ó lé ní ọdún méjì tí mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, a pọ̀ níbẹ̀, àga ọmọdé là ń jókòó sí, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mi ò sọ fún ẹ nítorí mo fẹ́ kí lẹ́tà mi bá ẹ lójijì, kí o pariwo, kí o máa fi han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ. Kò wá rí bí mo ṣe rò ó. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí màá fọwọ́ mi kọ láyé mi, ìbínú ló kún inú ẹ̀. Tíṣà wa ní ká máa fi àmì sí i níbi tí a bá ti fẹ́ mí, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí mi mi ò kì í mí, nítorí náà bí o bá rí ibi tó gùn jù, fara dà á.

Ilé wà bó ṣe wà. Òrùlé ti ń jò ní igun tí máṣíìnì wà, mo ti sún un sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì dára bẹ́ẹ̀ torí mo ń rí títì dáadáa. Ewúrẹ́ ìyá tó wà lẹ́yìnkùlé wa wọlé, ó jẹ ìwé tí mo fi ya ìwọ̀n aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé, ó jẹ èjìká, ó jẹ apá, ìbàdí nìkan ló ṣẹ́ kù, mo ní kí ìyá náà wá wò ó, ó ní kí n ṣáà dúpẹ́ pé kò jẹ aṣọ. Onídìrí tó wà ní ọ̀ọ́kán mi ti ra fóònù tó fẹ̀ bí abọ́. Òun ni wàá gbọ́ orúkọ ẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, má bínú sí i, kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ní ojú lọ.

Káàdì tí o fi ránṣẹ́ fún ọjọ́ìbí mi dé. O ti ní o máa wá fúnra ẹ, mo ti fọ aṣọ ibùsùn, mo ti ní kí wọ́n bá mi kun ilẹ̀kùn, káàdì ló wá dé dípò ẹ. Kò burú. Mo já àpòòwé, mo yọ ọ́ jáde, mo sì figbe ta. Mo rò pé òjò ló pa á. Gbogbo àwọ̀ ara ẹ̀ ló ti ṣàn wọnú ara wọn, búlúù ti ṣàn wọnú yẹ́lò, yẹ́lò ti ṣàn wọnú pupa, ó rí bí ojú ẹni tó sunkún lẹ́yìn tó lé tìróò tán. Mo di gèlè mi, ó di ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ọ̀gá tó wà níbẹ̀, Onígíláàsì là ń pè é, yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní Màmá, ó dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ó ní ọ̀dà olómi ni, pé omi ni wọ́n máa fi ń pò ó, wọ́n á jẹ́ kó ṣàn bó bá ṣe wù ú. Mo ní ta ni yóò jókòó tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ da omi sórí iṣẹ́ ara ẹ̀? Mo ní èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́, mo ní nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ká etí aṣọ tí òwú kan ò ní yọ síta. Ó rí i pé mi ò ní lọ, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi, mo kọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, inú mi dùn díẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ iye tí ohun tó bàjẹ́ náà tó. Mo kọ ọ́ pé ọmọ mi ló ṣe é, kò níye. Onígíláàsì ní nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Mo rò ó, mo kọ ọ̀kan, torí ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí. Ó gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn yọ gíláàsì ẹ̀ ó ń nù ún.

Mo gbé káàdì padà wálé, mo jókòó tì í. Àánú ẹ ṣe mí. Ìwé tó wà lábẹ́ àwọ̀ yẹn, fífà ni wọ́n fà á ya, etí ẹ̀ rí wúruwùru, mo ní ó mà ṣe o, ọmọ mi ò ní àlùmọ́gàjí. Bọ́tìnnì kan wà ní àárín òdòdó tí o yà síbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ẹ ni, èyí tó ní ihò mẹ́rin tí ọ̀kan ti sán. Léèsì tó wà létí ẹ̀, ti búláùsì ìgbéyàwó mi ni. Mo ní ṣé nǹkan ti wá le fún ọmọ yìí tó bẹ́ẹ̀, tí kò rí nǹkan tuntun ra, tó jẹ́ pé àlòkù ilé ló fi ń ṣe nǹkan? Mo ní bí mo bá gba owó àwọn aṣọ ilé ìwé yìí, àlùmọ́gàjí tó mú ni màá kọ́kọ́ rà ránṣẹ́ sí i. Ohun tí mo rò nìyẹn. Kí o lè mọ̀ pé mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Mo wá ní kí n bá ẹ tún un ṣe. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù, mo fi aṣọ tó tutù díẹ̀ bò ó, mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń tẹ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Gúlúù tí o fi lẹ̀ ẹ́ yọ́. Bọ́tìnnì lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù mi. Ìwé tó wà lókè tó ní àwọ̀ ṣí kúrò bí èépá ojú egbò, abẹ́ ẹ̀ sì mọ́. Ìwé mìíràn ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ bàbá ẹ ló wà lára ẹ̀.

O ò mọ bàbá ẹ dáadáa, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹ́ nígbà tó kú, jẹ́ kí n sọ fún ẹ. Káfíńtà ni. Ó ní kẹ̀kẹ́ kan tó fẹ́ràn ju ara ẹ̀ lọ, orí ẹ̀ ló máa ń gbé àpótí iṣẹ́ ẹ̀ kà. Nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní ọ̀nà jíjìn, mo ta kẹ̀kẹ́ náà, mo fi ra máṣíìnì tí mo ń wà títí di òní. Mi ò bi í. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi í yóò ní rárá. Nígbà tó dé tó wá a tì, kò lù mí, kò bú mi, ó kàn kọ ẹ̀yìn sí mi. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n pè é síbi tí wọ́n ti ń ṣe afárá, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lérí, ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí gárééjì, mo ń wò ó láti ojú fèrèsé, mi ò jáde sìn ín. Igi tí wọ́n ń dúró lé níbi iṣẹ́ yẹn ṣẹ́, òun àti ẹnì kejì ẹ̀ ló jábọ́. Kò padà wálé mọ́.

Lẹ́tà mọ́kànlá ló kọ láti ibẹ̀ kó tó kú. Mi ò mọ̀wé nígbà náà, Akọ̀wé tó ń bá gbogbo àdúgbò ka lẹ́tà ló ń kà á fún mi. Yóò ka ojú ìwé méjì tán, yóò ní ó ní ara òun le, ó ní òun kí ẹ. Ó parí. Mo máa ń wò ó, mo máa ń wo ìwé náà, mo ń wò ó pé báwo ni ojú ìwé méjì ṣe di gbólóhùn kan. Akọ̀wé ti kú, mi ò ní bú u, bóyá ó ń kánjú, bóyá ojú ló ń tì í. Ṣùgbọ́n ìdí tí ìyá àgbàlagbà fi lọ jókòó sórí àga ọmọdé nìyẹn. Mo fẹ́ fojú ara mi ka ohun tí ọkọ mi sọ.

Nígbà tí o wálé lọ́dún tó kọjá, o rí agolo bísíkíìtì tí mo kó àwọn lẹ́tà náà sí pẹ̀lú àwọn fọ́tò, bọ́tìnnì àti àjákù léèsì. O ní, Màmá, ẹ ò kúkú lè kà á, ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ó gún mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín, torí mi ò fẹ́ kí àṣírí kíláàsì mi tú. Ó kù díẹ̀ nígbà yẹn kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ tó gùn. Mo ní jẹ́ kó gbé e lọ, bí mo bá mọ̀ ọ́n kà tán màá ní kó gbé e wá. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.

Ìdajì lẹ́tà ló wà lára káàdì mi. O fà á ya láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo ìlà ló já sí méjì. Mo ka àwọn tí mo lè kà. Ibi tó ti kí mi, mo lè fi orí ara mi parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní, “Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn, mo ti gbàgbé ẹ̀.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ bíi ti kíláàsì. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń wa máṣíìnì yìí tí mo ń rò pé ìbínú ẹ̀ ni ọkùnrin náà bá lọ. Ìlà tó wà lábẹ́ ẹ̀ wá ní, “Ohun tó ń dun èmi gan-an ni pé n ò.” Ó tán. Ibẹ̀ lo ti fà á ya.

Mo sáré lọ bá Onídìrí pé kó bá mi pè ẹ́. O ò gbé e. Ló bá ní kí n jókòó, pé òun á fi ẹ́ hàn mí nínú fóònù, pé o máa ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe káàdì àti ìwé tí wọ́n ń lẹ fọ́tò ìrántí mọ́. Lóòótọ́ ojú ẹ yọ. Mo kí ẹ. O ò dá mi lóhùn. Mo tún kí ẹ, mo pe oríkì ẹ, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ lójú àwọn tó ń dirun, ojú tì mí kí wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé ohun tí o ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n tẹ àtàǹpàkò kan tó wà nísàlẹ̀ láti fi hàn pé mo fẹ́ràn ẹ. Mo kọ̀. Bí àwọn ọmọ bàbá wa ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àǹtí mi nìyẹn, àtàǹpàkò ni wọ́n ní kó tẹ̀.

Mo rí gbogbo ohun tí o ṣe. O gbé lẹ́tà bàbá ẹ sókè lódidi, o ní, ẹ wo bí ìwé àtijọ́ ṣe rẹwà. O wá po tíì sínú àwo, tíì tí kò ní mílíìkì, o sì rẹ lẹ́tà náà sí i kó lè gbó sí i. Ìwé tó ti lé ní ogún ọdún, o ní kò tíì gbó tó! O yọ ọ́, o fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwọ̀ olómi sára ìwé kejì, o wọ́n iyọ̀ lé e. Mo ní kí ló dé tó ń se é? Onídìrí ní iyọ̀ ló ń mú kí àwọ̀ náà tò bí ìràwọ̀. O ní kí àwọn èèyàn má fi àlùmọ́gàjí gé ìwé, pé kí wọ́n fi rúlà tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n fà á, pé ohun tí a fà ya máa ń ní ìmọ̀lára ju ohun tí a gé lọ. Ó ní i lóòótọ́. Èmi ni mo ní i.

Mo ní kí Onídìrí dá a padà síbi tí lẹ́tà ti wà lódidi. Ó tẹ̀ ẹ́, o dúró gbagidi. Ó fi ìka méjì ya ojú fóònù kí ọ̀rọ̀ lè tóbi. Gbogbo àwọn tó ń dirun dìde pẹ̀lú kóòmù lórí, wọ́n ń bá mi wá ìlà náà. A rí i. “Ohun tó ń dun èmi gan-an ni pé n ò,” àtàǹpàkò ẹ wá wà lórí ibi tó kàn, lẹ́yìn náà “máṣíìnì náà fún ẹ.” Bí ọ̀rọ̀ méjì ló wà lábẹ́ èékánná ẹ. A dá a síwájú, a dá a sẹ́yìn, ìka ẹ ò kúrò níbẹ̀ àfi ìgbà tí o rì í sínú tíì. Ọ̀kan nínú wọn ní “n ò tètè ra” ni. Òmíràn ní “n ò fọwọ́ mi ra” ni. Èmi mọ ọkọ mi, aláwàdà ni, ó lè jẹ́ “n ò kúkú fọ́ máṣíìnì náà fún ẹ” ló kọ síbẹ̀, kó sì máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, mo fẹ́ ẹ. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ni, tèmi ni.

Nígbà tí o wá gbé ìpè lọ́jọ́ kejì, ṣé o rántí ohun tí o sọ? Mo bi ẹ́ pé ìdajì kejì dà. O ní o ti fi ṣe káàdì búlúù kan, pé obìnrin kan rà á láti fi ta ọ̀gá ẹ̀ tó ń fẹ̀yìn tì lọ́rẹ. Bí èèyàn bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Mo ní kí o pe obìnrin náà, o ní ojú á tì ẹ́, pé oníbàárà ni. Mo ní àwọn mẹ́wàá tó kù ń kọ́? O ní o ti lo mẹ́fà. Mo bi ẹ́ pé, ìwọ tó ti mọ̀wé kà láti ọmọ ọdún mẹ́fà, kí ló wà níbẹ̀, kí ni bàbá ẹ sọ. O wá ní, Màmá, mi ò kà á, bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ń wò, ó rẹwà. O ní kí n má bínú, pé o máa ṣe káàdì mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ fún mi. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Mo dá fóònù padà fún Onídìrí, mo wá sílé.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ ẹ ò dáa. Ó dáa. Àwọn tó wà níbi ìdirun ní ọwọ́ ẹ mọ́, inú mi sì dùn nígbà tí wọ́n sọ ọ́, mo tún bínú pé inú mi dùn.

Mo mọ̀ pé bí òbí bá kọ̀wé, owó ló máa ń kángun sí. Èmi náà fẹ́ owó. Má fi ránṣẹ́ sí mi. Gbé e fún obìnrin tó ra káàdì búlúù yẹn, tàbí ọ̀gá ẹ̀ bó bá ti fún un, iye tó bá pè ni kí o san, bí ìtìjú bá ń ṣe ẹ́ kí o gbé ìtìjú náà dání lọ. Bí kò bá fẹ́ tà á padà, bẹ̀ ẹ́ kó fi aṣọ tó tutù díẹ̀ bò ó, kó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kó má gbóná jù, ìwọ̀n èyí tí wọ́n fi ń lọ sílíìkì, gúlúù ẹ̀ á yọ́, kó ṣí i, kó ka ọ̀rọ̀ méjì péré fún ẹ, kó tún un lẹ̀ padà. Kò ní bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn lẹ́tà mẹ́rin tó kù, kó wọn wá fúnra ẹ, má fi wọ́n fún pọ́ọ̀sì, má fi tíì sí i, má fi iyọ̀ sí i. Wá gbé wọn lé mi lọ́wọ́, kí o jókòó, kí n kà wọ́n sókè sí ẹ létí. Ìwọ náà ò tíì gbọ́ ohùn bàbá ẹ rí láti ìgbà tí o ti mọ nǹkan.

Wàá pẹ́ láyé. Ọ̀nà ẹ á là. Àwọn tó ń ra iṣẹ́ ẹ ò ní dín kù. Wàá bímọ, wàá sì dàgbà lójú ẹ̀, Ọlọ́run á sì fún ẹ ní ọmọ tí yóò kọ́kọ́ kà ẹ́ tán kó tó máa wò bóyá o rẹwà. Àmín.

Èmi, ìyá ẹ.